Ṣé kí a fi bátìrì LiPo mẹ́ta síná pọ̀, àbí lọ́kọ̀ọ̀kan?

Ìbéèrè

Bátìrì LiPo (lítíọ́ọ̀mù pólímà) mẹ́ta ni mo ní, 3S 2200 mAh ni gbogbo wọn, mo sì ń lò wọ́n fún ọkọ̀ òfurufú kékeré onífóòmù tí mo fi ń ṣeré ní pápá kan nílùú Ìbàdàn. Ṣájà kan ṣoṣo tí mo ní kò lágbára ju 50 W lọ, wákàtí kan ni ó sì ń lò lórí bátìrì kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ, wákàtí mẹ́ta gbáko ni mo fi ń tan jẹnẹrétọ̀ kí bátìrì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó kún. Mo ti rí pátákó tí àwọn ènìyàn fi ń so bátìrì púpọ̀ pọ̀ ní pàrálẹ́ẹ̀lì kí gbogbo wọn lè jọ gba iná. Àwọn kan ní kò sí ewu níbẹ̀; àwọn mìíràn ní ẹni tó bá dán an wò ń wá bí yóò ṣe dáná sun ilé ara rẹ̀ ni. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ ti lò ó, ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Àti pé, bí ṣájà bá ti mú àwọn sẹ́ẹ̀lì dọ́gba tán, ṣé kò sí ohun tó kù láti bẹ̀rù mọ́ nìyẹn?

* * *

Ẹ lè so wọ́n pọ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí mo ti ń ṣe é, n kò sì ní padà sí ti ọ̀kọ̀ọ̀kan fún àwọn bátìrì tí mo jọ lò lọ́jọ́ kan náà. Ewu tí wọ́n ń sọ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn tẹjú mọ́ kọ́ ló wà. Wákàtí tí bátìrì fi ń gba iná ni wọ́n ń ṣọ́, nígbà tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, nígbà tí ẹ bá ń so bátìrì kan mọ́ èkejì tí ṣájà kò tilẹ̀ tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ni ó yẹ kí ojú yín wà nílẹ̀ jù.

Ohun tí pátákó náà ń ṣe kò ta kókó. Bátìrì 3S ní sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta tó tò tẹ̀lé ara wọn. Sẹ́ẹ̀lì 3.7 V ni a ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n bí iná bá kún un, 4.20 V ni yóò jẹ́, gbogbo bátìrì náà yóò sì jẹ́ 12.6 V. Pátákó ń so ẹnu pósítíìfù gbogbo wọn pọ̀, ó ń so ti nẹ́gátíìfù pọ̀, ó sì tún ń gba inú wáyà bálánsì (àwọn wáyà tín-ín-rín tí ṣájà fi ń wo sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan) so sẹ́ẹ̀lì kìíní bátìrì yìí mọ́ sẹ́ẹ̀lì kìíní ti ìyẹn, èkejì mọ́ èkejì, ẹ̀kẹta mọ́ ẹ̀kẹta. Fóltéèjì kò pọ̀ sí i. Iná tí wọ́n lè gbà sára ló ń pọ̀. Lójú ṣájà, bátìrì 3S kan ṣoṣo tó jẹ́ 6600 mAh ló wà níwájú rẹ̀, kò sì mọ̀ pé mẹ́ta ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àkókò, nítorí òun gan-an ló mú ìbéèrè yín wá. Fún 6600 mAh, 6.6 A ni 1C (iná tó lè kún bátìrì láàárín wákàtí kan), ìyẹn sì jẹ́ nǹkan bíi 83 W nígbà tí bátìrì bá ń sún mọ́ 12.6 V. Ṣájà 50 W kò lè mú ju nǹkan bíi 4 A wá níbẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe wákàtí kan ni ẹ ó lò. Ẹ ó lò tó wákàtí méjì. Ìyẹn ṣì sàn ju mẹ́ta lọ, nítorí epo tí jẹnẹrétọ̀ kékeré ń mu kì í fi bẹ́ẹ̀ dín kù nítorí pé ẹrù orí rẹ̀ fúyẹ́. Ẹni tó bá sọ fún yín pé pátákó nìkan yóò sọ wákàtí mẹ́ta di ọ̀kan kò ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ṣájà yín.

* * *

Ẹnìkan ti fèsì pé bí omi inú dúrọ́ọ̀mù méjì tí a fi rọ́bà so pọ̀ ṣe ń wá ìpele kan náà ni bátìrì ṣe ń ṣe, pé kí ẹ kàn so wọ́n, wọn yóò dọ́gba fúnra wọn. Wọn yóò dọ́gba lóòótọ́. Ohun tí àfiwé yẹn kò sọ ni bí ihò rọ́bà náà ṣe fẹ̀ tó àti bí omi yóò ṣe rọ́ gba inú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ìdènà inú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 5 mílíóòmù (ẹgbẹ̀rún mílíóòmù ni óòmù kan). Bátìrì méjì ní sẹ́ẹ̀lì mẹ́fà, ìyẹn jẹ́ 30; kí a fi 10 kún un fún wáyà àti XT60, ìyẹn ẹnu wáyà ńlá bátìrì, ó di 40. Bí ẹ bá so bátìrì tó kún, 12.6 V, mọ́ èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lò tán, 11.1 V, ìyàtọ̀ 1.5 V ló wà láàárín wọn, iná tí yóò sì rọ́ láti inú ọ̀kan sínú èkejì ní kété tí wọ́n bá fẹnu kanra yóò lé ní 37 A. Fún bátìrì 2200 mAh, 17C nìyẹn, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ṣe é sábà máa ń kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kí a má ṣe fi ju 5C lọ sí i, òmíràn kò tilẹ̀ gbà ju 1C. Ṣùgbọ́n bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ 0.1 V lórí sẹ́ẹ̀lì kan, 0.3 V ni lápapọ̀, 7.5 A ni yóò ṣàn, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi lọ sílẹ̀. Ibí yìí ni òfin 0.1 V tí gbogbo wa ń tẹnu mọ́ ti wá, pé kí ìyàtọ̀ sẹ́ẹ̀lì sí sẹ́ẹ̀lì má ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ kí a tó so wọ́n. Kì í ṣe èèwọ̀ tí ẹnìkan kàn dédé gbé kalẹ̀, ìṣirò ni.

Èmi kò fara mọ́ àwọn tó ń lo òfin náà bákan náà níbi gbogbo. Láàárín 3.75 V sí 3.85 V, fóltéèjì LiPo kì í fẹ́ yẹsẹ̀, nítorí náà ìyàtọ̀ kékeré níbẹ̀ dúró fún ìpín ńlá nínú iná tí bátìrì gbé. Nísàlẹ̀ 3.6 V, iná tó wà nínú ìyàtọ̀ 0.2 V pàápàá kò tó nǹkan. Iná àkọ́kọ́ tí yóò rọ́ lè jẹ́ iye kan náà, ṣùgbọ́n ti àárín yẹn yóò máa ṣàn lọ fún ìgbà pípẹ́, ooru rẹ̀ yóò sì pọ̀. Nítorí èyí, mo ń gba 0.1 V lókè 4.0 V, n kì í sì í gbà ju 0.05 V lọ ní àárín. Àwọn bátìrì alágbára tí a ń lò fún dúróònù eré sísá tún nílò ìṣọ́ra jù, nítorí ìdènà inú sẹ́ẹ̀lì wọn lè kéré tó 2 mílíóòmù. Bí ìdènà bá ṣe ń kéré sí i ni iná tí ìyàtọ̀ kan náà yóò rọ́ gbà ń pọ̀ sí i.

Ẹ má sì ṣe wọn bátìrì tó ṣì gbóná. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kúrò nínú ọkọ̀, fóltéèjì rẹ̀ ṣì ń gùn padà bọ̀. Èmi máa ń fi wọ́n sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún, títí ara wọn yóò fi tutù lọ́wọ́ mi, kí n tó gbé mítà.

* * *

Àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀ lórí èyí tí a ń kọ́kọ́ kì bọnú pátákó, bóyá wáyà ńlá ni tàbí wáyà bálánsì. Àwọn tó ní kò sí ìyàtọ̀ ń ṣe bí ẹni tí kò tíì rí i rí. Èmi ti rí i.

Ní ọdún kejì mi, mo ki ẹnu XT60 bátìrì kẹta bọ pátákó, mo sì rò pé ó ti wọlé dé ìdí. Kò wọlé tán. Ó ṣẹ́ kù níta bí ìbú èékánná. Bátìrì yẹn gan-an ni n kò fi mítà wọ̀n, nítorí mo ti wọn méjì àkọ́kọ́ tí wọ́n sì bára mu, mo bá gbà pé kò lè yàtọ̀ sí wọn. Bí mo ṣe ki wáyà bálánsì rẹ̀ bọ̀ ọ́ ni gbogbo iná tó yẹ kó gba inú wáyà ńlá ya sínú àwọn wáyà tín-ín-rín. Wáyà dúdú tó wà létí ló kọ́kọ́ yí padà: ara rẹ̀ ń dán bí ẹni pé a fi epo pa á, ó rọ̀, ó sì tẹ̀ sórí pátákó bí àbẹ́là tí oòrùn pa. Ike funfun ẹnu rẹ̀ di àwọ̀ kòkó, òórùn ike jíjó sì gba yàrá. Mo fi ọwọ́ lásán fà á yọ. Àpá ihò ẹnu ike náà wà lórí àtàǹpàkò mi fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ kan.

3 A ni ẹnu JST-XH tí a ń lò fún bálánsì lè gbà. Nítorí náà, wáyà ńlá ni a ń kọ́kọ́ kì bọ̀ ọ́, lórí gbogbo bátìrì, kí ó wọlé dé ìdí. Kí a dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí wọ́n fi ọ̀nà tó fẹ̀ dọ́gba. Lẹ́yìn náà ni wáyà bálánsì. Nígbà tí a bá ń tú u, bálánsì ló ń kọ́kọ́ jáde.

Síbẹ̀, ètò yìí nìkan kò tó. Ẹ wo bátìrì méjì yìí. Ọ̀kan jẹ́ 3.95, 3.80 àti 3.65, èkejì jẹ́ 3.80, 3.80 àti 3.80. Bí ẹ bá ro àwọn méjèèjì pọ̀, 11.40 V ni kálukú wọn. Ẹni tó fi mítà wọn ẹnu wáyà ńlá nìkan yóò sọ pé wọ́n bára mu rẹ́gí, kò sì ní sí iná tí yóò ṣàn nígbà tó bá so wáyà ńlá. Bó bá wá so bálánsì, ìyàtọ̀ 0.15 V tó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì sí sẹ́ẹ̀lì kò ní ọ̀nà mìíràn tí yóò gbà ju wáyà tín-ín-rín náà lọ. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni a ń wọ̀n. Mítà kékeré tí a ń ki bọ ẹnu bálánsì kò wọ́n, ó sì ń fi gbogbo sẹ́ẹ̀lì hàn lẹ́ẹ̀kan náà.

* * *

Ẹlòmíràn ní pátákó tirẹ̀ ní fíúsì, nítorí náà kò nílò gbogbo wàhálà mítà. Inú mi dùn pé ó ní fíúsì, nítorí pátákó tí kò ní kò yẹ ní rírà. Ṣùgbọ́n fíúsì ojú ọ̀nà bálánsì lórí ọ̀pọ̀ pátákó jẹ́ irú èyí tó ń pa ọ̀nà dé nígbà tó bá gbóná, tí yóò sì tún ṣí nígbà tó bá tutù. Bó bá pa ọ̀nà bálánsì bátìrì kan dé, ṣájà kò ní mọ̀. Iná ńlá yóò ṣì máa wọ inú bátìrì náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń wo àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ mọ́. Sẹ́ẹ̀lì kan lè kọjá 4.20 V nígbà tí ojú ṣájà ń fi hàn pé gbogbo nǹkan dára. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń yọ wáyà bálánsì bátìrì kọ̀ọ̀kan ní ìdajì iṣẹ́, lẹ́yìn tí mo bá ti dá ṣájà dúró, kí n sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i.

* * *

Mo padà sí apá kejì ìbéèrè náà, èyí tí àwa tó ń fèsì ti fẹ́ gbàgbé: ṣé bí ṣájà bá ti mú sẹ́ẹ̀lì dọ́gba, ó parí nìyẹn?

Rárá. Ohun tí ṣájà ń ṣe ni pé ó ń fi rẹsísítọ̀ fa iná díẹ̀díẹ̀ kúrò lára sẹ́ẹ̀lì tó ga, kí àwọn tó kù lè bá a. Lórí ọ̀pọ̀ ṣájà kékeré, iná tó lè fà báyìí kò ju 200 sí 300 mA lọ. Bí sẹ́ẹ̀lì kan bá fi 100 mAh ga ju àwọn yòókù lọ nínú bátìrì kan, 300 mA yóò yanjú rẹ̀ láàárín ogún ìṣẹ́jú. Bí bátìrì mẹ́ta tí ìyàtọ̀ wọn rí bákan náà bá so pọ̀, 300 mAh ni ó ní láti fà dànù, wákàtí kan nìyẹn. Àwọn tó ń kígbe pé ṣájà wọn ti bàjẹ́ nítorí pé ó dúró pẹ́ lórí 4.19 V yẹ kí wọ́n mọ èyí: kò bàjẹ́, iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n gbé fún un.

Ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ èyí ló ń dùn mí jù. Ìsopọ̀ pàrálẹ́ẹ̀lì ń bo àṣírí sẹ́ẹ̀lì tó ti ń kú. Ó dà bí ẹgbẹ́ èsúsú tí ẹnìkan kò ti rówó dá mọ́, tí àwọn tó kù ń bá a san án lábẹ́lẹ̀. Bí a bá ṣí ìwé, gbogbo orúkọ ló pé. Sẹ́ẹ̀lì kejì bátìrì mi kan ti ń jo iná dànù fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé nígbà gbogbo ni mo ń so ó mọ́ méjì mìíràn, àwọn sẹ́ẹ̀lì kejì ti ìyókù ń gbé e ró, ṣájà sì ń kọ 4.20, 4.20, 4.20 fún mi. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ohun tó ju oṣù kan lọ. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ mi wà lókè oko ẹ̀gẹ́ ẹ̀gbẹ́ pápá, mọ́tò dákẹ́ lójijì, mo sì wá a títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí mo rí i, bátìrì náà ti wú, awọ ara rẹ̀ le bí ìlù. Ẹ̀rọ tó ń darí mọ́tò kì í wo sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ fóltéèjì ló ń wò. Sẹ́ẹ̀lì kan lè ti wà nísàlẹ̀ 3.0 V fún ìgbà díẹ̀, kí méjì tó kù máa bò ó mọ́lẹ̀, títí àpapọ̀ yóò fi já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Láti ìgbà yẹn, ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà márùn-ún ni mo ń fi bátìrì kọ̀ọ̀kan síná lóun nìkan. Ìgbà yẹn náà ni mo ń ka ìdènà inú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lójú ṣájà, nítorí iye tí ṣájà bá kà nígbà tí wọ́n so pọ̀ jẹ́ ti gbogbo wọn lápapọ̀, kò sì sọ ohunkóhun nípa ẹyọ kan. Mo sì ń fi bátìrì tó kún sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí n tún un wọ̀n. Sẹ́ẹ̀lì tí kò lè di iná rẹ̀ mú mọ́jú, dídọ́gba kì í ṣe oògùn rẹ̀.

* * *

Ẹni kan láti Lọ́ńdọ̀nù béèrè bóyá òun lè kó bátìrì bọ̀ wá fún àbúrò òun. 11.1 V nígbà 2.2 Ah jẹ́ 24.4 Wh, ààlà tí àwọn ọkọ̀ òfurufú sì ń gbà láìgba àṣẹ ni 100 Wh fún bátìrì kan. Inú àpò ọwọ́ ni kí ó wà, kí a fi tépù bo ẹnu rẹ̀, kì í ṣe inú ẹrù tí a ń jọ̀wọ́ rẹ̀. Bátìrì tuntun tí wọ́n bá dá nìkan fi ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ òfurufú akẹ́rù kì í ní ju 30% iná lọ nítorí òfin ìrìnnà wọn. Ẹ má ṣe so bátìrì tuntun mọ́ ti àtijọ́ lọ́jọ́ tó bá dé. Ẹ jẹ́ kí òun nìkan kọ́kọ́ gba iná ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ mọ ìwà rẹ̀.

Ẹnìkan tún sọ ohun kan tí n kò rò tẹ́lẹ̀, mo sì gbà pé ó tọ́: pàrálẹ́ẹ̀lì ń mú kí a kún bátìrì púpọ̀ ju èyí tí a nílò lọ. Ní oṣù kẹfà àti oṣù keje, a ó kún mẹ́ta ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, òjò yóò rọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, gbogbo wọn yóò sì wà ní 4.20 V nínú yàrá gbígbóná títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Èyí wà lára ohun tó ń mú LiPo wú. Bí òjò bá ba eré jẹ́, ẹ fà wọ́n sílẹ̀ padà sí 3.80 sí 3.85 V lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ má sì fi wọ́n sínú búùtù mọ́tò.

* * *

Àtakò tó lágbára jù nínú gbogbo ohun tí mo kà níhìn-ín ni pé bí sẹ́ẹ̀lì kan bá já sí ara rẹ̀ nínú, gbogbo bátìrì tó so mọ́ ọn ni yóò máa rọ́ iná sí i. N kò lè já a nírọ́, òótọ́ ni. Bátìrì kan tó dá jóná jẹ́ iná kan. Mẹ́ta tó so pọ̀ jẹ́ iná tó ń jẹun. Nítorí èyí, èmi kì í ṣe é nínú yàrá mọ́. Orí sìmẹ́ǹtì lẹ́yìnkùnlé, lábẹ́ òrùlé tí oòrùn kì í dé, ni mo ń ṣe é, garawa iyanrìn gbígbẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, n kì í sì í sùn tàbí jáde títí yóò fi parí.

Ní ti pípa oríṣi pọ̀: 2200 mAh àti 1500 mAh lè jọ wà bí sẹ́ẹ̀lì wọn bá jẹ́ iye kan náà. 3S kò gbọdọ̀ bá 4S pàdé. LiHV tó ń lọ sí 4.35 V kò gbọdọ̀ bá LiPo lásán, bẹ́ẹ̀ ni LiFePO4 tó ń dúró ní 3.65 V. Èyí tó bá ti wú, ẹ mú un kúrò láàárín àwọn tó kù.

* * *

Ẹni tó béèrè ti padà wá pẹ̀lú ohun tí mítà rẹ̀ kà, mo sì dúpẹ́ pé ó wọ̀n ọ́n kí ó tó ra pátákó. Bátìrì A: 3.82, 3.81, 3.82. B: 3.79, 3.80, 3.79. D: 3.84, 3.62, 3.83. Ó ní wọ́n jọ rà wọ́n lọ́jọ́ kan ni, nítorí náà ṣé òun kò lè jọ so wọ́n?

A àti B lè so pọ̀ lónìí; ìyàtọ̀ wọn kò ju 0.03 V lọ. Ẹ má ṣe so D mọ́ wọn. Sẹ́ẹ̀lì kejì rẹ̀ yóò gba iná lọ́wọ́ tiwọn láti inú wáyà tín-ín-rín, yóò sì jọ bí ẹni pé ara rẹ̀ ti yá. Ẹ fi òun nìkan síná ní 1.1 A, kí ẹ yan ètò bálánsì, kí ẹ sì mú sùúrù: ṣájà kékeré lè lo wákàtí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó mú sẹ́ẹ̀lì náà bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bó bá dé 4.20 tán, ẹ yọ ọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí sẹ́ẹ̀lì kejì bá ṣì wà pẹ̀lú àwọn yòókù, ó lè jẹ́ pé bálánsì ni kò ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀, ẹ lè máa lò ó pẹ̀lú ìṣọ́ra. Bó bá tún ti lọ sílẹ̀ ju àwọn méjì tó kù lọ, ẹ so gílóòbù mọ́tò 12 V mọ́ ọn níta gbangba títí yóò fi kú pátápátá, ẹ gé ẹnu wáyà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má ṣe gé méjèèjì pọ̀, kí ẹ sì gbé e fún àwọn tó ń kó bátìrì àlòkù. Ẹ ra ẹyọ kan rọ́pò rẹ̀ kí ẹ tó ra pátákó.